Orúkọ Àbẹ̀kẹ́ Tí N Kò Kọ Sílẹ̀

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, mo kí Ẹ̀gbọ́n Rámóní àti ìyàwó wọn. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta, kí ojú lè tì wá pọ̀.

Ẹ rántí fọ́ọ̀mù tí kọ́ńpìnnì fún wa nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Abuja. Bíríkìlà lásán ni mí, síbẹ̀ wọ́n ní èmi, ìyàwó mi àti ọmọ tí mo bá kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ yóò máa gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ ní kílíníìkì wọn. Mo kọ̀wé bi yín. Ẹ ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kí n má to orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún àjèjì. Mo gbọ́ tiyín. Èmi àti Ṣadé nìkan ni mo kọ.

Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tó ń ta ìnṣọ́ránsì ìlera wá bá wa níbi iṣẹ́. Ó ní ọjọ́ tí kọ́ńpìnnì bá lé èèyàn ni káàdì wọn kú, ṣùgbọ́n tòun, ibi yòówù kéèyàn lọ, tirẹ̀ ni, bó bá ṣáà ti ń sanwó. Ó ní kí n má dúró dìgbà tí àìsàn bá dé, nítorí wọn kò ní gbà mí mọ́. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹni tó bá sanwó àìsàn sílẹ̀ ló ń ránṣẹ́ pè é. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín náà ni.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, ọrùn Àbẹ̀kẹ́, àbígbẹ̀yìn wa, le gan-an, ara rẹ̀ sì gbóná janjan. Mo gbé e sáré láti Kuje, níbi tí à ń gbé, lọ sí kílíníìkì kọ́ńpìnnì. Akọ̀wé yẹ káàdì mi wò, ó ní kai, òun ò rí ọmọ kankan níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ńtì tí èmi fúnra mi fi ọwọ́ mi tẹ́. Ó ní kí n lọ sí ọsibítù ìjọba. Ọjọ́ kejì la tó rí dókítà níbẹ̀, ó ní àìsàn yírunyírun ni.

Ó yè, Màámi, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì ti di. Inú ń bí mi sí akọ̀wé yẹn, ó ń bí mi sí yín, ara mi gan-an ni mo sì ń bínú sí jù.

Mo ti gba fọ́ọ̀mù mìíràn. Mẹ́ta ni àwọn ọmọ wa, Màámi, mo kà wọ́n, mo sì kọ Àbẹ̀kẹ́ gàdàgbà síbẹ̀. Mo délé, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo pe orúkọ tí ẹ fúnra yín sọ ọ́. Kò wẹ̀yìn.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ ka àwọn ọmọ ibẹ̀, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ má fo ẹnì kankan.

Èmi ni ọmọ yín,
Jímọ̀