Ẹ̀rín Tó Ń Ṣí Ọjà

Bàbá mi, olójú líle tí inú rẹ̀ rọ̀,

Ọjà iṣu tuntun ti ọdún yìí ti ṣí. Èmi ni mo ṣí i. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Àbí kí ẹ tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín gan-an ni mo fẹ́ bi yín.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró síbi tí ẹ máa ń dúró sí. Bàbá kékeré ló ránṣẹ́ sí mi ní Atakpamé pé ilé wa gbọ́dọ̀ mú ẹni tó máa ra iṣu àkọ́kọ́ jáde, pé ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lomé ti yọ ọwọ́, ó ní ahọ́n òun wúwo. Ó wá ku èmi, èmi tí mo gbé ojú yín wọ̀ tí n kò gba ẹnu yín. Wọ́n ní bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá, àmọ́ ṣé ẹnu ìyá mi náà mú ni?

Mo mọ̀ pé ẹ mọ òfin ọjà yẹn jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kí ẹ lè mọ bí àyà mi ṣe já tó. Wọn kì í fi owó ra iṣu àkọ́kọ́, èébú ni wọ́n fi ń rà á. Olùrà á bú iṣu, Ìyá Ọjà tó gbé e dání á bú olùrà, títí Ìyá Ọjà á fi rẹ́rìn-ín. Kó tó rẹ́rìn-ín, ẹnì kankan kò gbọ́dọ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, ì báà jẹ́ ará Moretan tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Bí oòrùn bá wọ̀ tí kò rẹ́rìn-ín, kálukú á gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé, ó di ìgbà mìíràn.

Níbo gan-an ni ẹ ti ń rí ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn? Nílé, ikọ́ lẹ fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Ikọ́ kan túmọ̀ sí omi, èkejì túmọ̀ sí pé ọbẹ̀ kò níyọ̀. Ọjọ́ ọjà á dé, ẹ̀yin kan náà á ní iṣu yìí, bí ewúrẹ́ bá rí i, á ní òun ń gbààwẹ̀. Bí ọjà bá ti ń sún mọ́lé, mo máa ń rí yín lẹ́yìnkùlé níwájú àwọn ewúrẹ́ wa, tí ètè yín ń mì. Mo rò pé àdúrà lẹ̀ ń gbà fún wọn. Ṣé èébú lẹ̀ ń dán wò ni? Èwo nínú wọn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín?

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn. Lẹ́yìn gbogbo èébú, ẹ máa ń ṣí fìlà, ẹ máa ń tẹ̀ sí etí Ìyá Ọjà, ẹ á sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́, òun á sì bú sẹ́rìn-ín. Mo bi yín rí pé kí lẹ sọ. Ẹ húkọ́. Mo sáré lọ bu omi wá. Lẹ́yìn ìsìnkú yín mo bi Ìyá Ọjà fúnra rẹ̀, ó nu ojú, ó yí ọ̀rọ̀ sí ata.

Láti Agbonou, ní Atakpamé, ni mo ti gun alùpùpù. Mo ń ka èébú lẹ́yìn ọkùnrin tó ń gbé mi lọ, títí ó fi bi mí pé kí lòun ṣe fún mi. Nígbà tí mo dé ọjà, mo ní iṣu náà dà bí orúnkún arúgbó. Ìyá Ọjà ní mo ti jókòó pẹ́ ní ọ́fíìsì débi pé àga ló ń gbé mi rìn. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín, àfi òun. Mo bú iṣu títí oòrùn fi kàn wá lórí. Tòmátì obìnrin ará Datcha kan ti ń rọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn kò wo iṣu mọ́, èmi ni wọ́n ń wò. Ojú tì mí, Bàbá.

Mo wá rántí fìlà yín. Mo tú gèlè mi, mo tẹ̀ sí etí rẹ̀. N kò ní nǹkan kan láti sọ, mo bá sọ òtítọ́: pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi, kó jọ̀ọ́, kó rẹ́rìn-ín kí n lè rílé lọ.

Ó ta gìrì. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó dì mọ́ mi kó má baà ṣubú. Ẹrù ń balẹ̀ gbì gbì káàkiri ọjà. Láàárín ẹ̀rín yẹn ló pe orúkọ. Kì í ṣe tèmi. Tiyín ni.

Bàbá mi, ṣé ohun tí ẹ̀yin náà máa ń sọ nìyẹn? Lọ́dọọdún?

Mo se iṣu náà. Ọbẹ̀ tí mo fi jẹ ẹ́ kò níyọ̀. Mo húkọ́. Kò sẹ́ni tó dìde.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì gbé omi dání.