Ihò Kékeré Ara Páìpù Èémí

Bàbá mi, ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì,

Èmi ni mo dí ihò yẹn. Ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún yín, mi ò rẹ́nu sọ ọ́. Bàlúù oko tí ẹ tọ́jú lẹ́yìn Èrúwà, èyí tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí àgbàdo, da ọ́ìlì bo gíláàsì iwájú nígbà tó wà lókè, èmi ni mo sì fà á. Ẹnikẹ́ni ò kú, Bàbá. Páílọ́ọ̀tì gbé e balẹ̀ sójú ọ̀nà oko. Kò rí iwájú, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá ti dijú, gíláàsì dúdú yẹn ni mò ń rí.

Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́? “Bàbá oníbàlúù, bàlúù yín mà tún ti tọ̀ sílẹ̀ o!” Ẹ ó kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ó gbé agolo mílíìkì sábẹ́ ẹnu páìpù èémí, ẹ ó na ọwọ́ sí mi fún àkísà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ́ńjìnì náà ń mí, pé páìpù yẹn ni imú rẹ̀, àti pé kò sí bí kò ṣe ní tu ọ́ìlì díẹ̀ jáde. Àwọn mìíràn á rọ ọ́ìlì kún dẹ́múdẹ́mú, ẹ́ńjìnì á tu àpọ̀jù rẹ̀ sí ikùn bàlúù, wọ́n á tún rọ òmíràn. Ẹ̀yin kì í rọ ọ́ dé òkè ọ̀pá ìwọ̀n. Láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ ó gbé agolo yẹn síbi oòrùn, ẹ ó wojú rẹ̀. Bó bá funfun bí omi ògì, ẹ ti mọ̀ pé omi wà nínú ọ́ìlì, pé bàlúù ò fò pẹ́ tó láti gbóná dáadáa. Bí ẹni ń wo dókítà ni mo ṣe máa ń wò yín. Ǹjẹ́ mo sọ ọ́ fún yín rí?

Lẹ́yìn tí ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n fi nínu bàlúù àti wíwo ọ́ìlì sílẹ̀ fún mi. Ẹnjiníà láti Ìbàdàn ló ń wá ṣe iṣẹ́ ńlá. Mo fẹ́ kí bàlúù máa dán ju ti ìgbà yín lọ. Níjọ́ kan, mo ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnì, mo rí ihò kékeré lára páìpù, lókè, tí ọ́ìlì ń sun níbẹ̀. Mo rò pé páìpù ti lu ni. Mo fi téèpù wé e yípo mẹ́ta. Inú mi tiẹ̀ dùn pé mo gbọ́n!

Òjò wá dá bàlúù dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, agbọ́n sì fi amọ̀ kọ́lé sí ẹnu páìpù náà nísàlẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tó máa fò, ara Múì, ọmọ mi, gbóná. Ọkàn mi wà nílé ní Ìdèrè. Mo nu páìpù, mi ò wo ẹnu rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ò wá rí ibì kankan mí sí, ló bá ti rọ́bà ìdènà tó wà lẹ́yìn abẹ̀bẹ̀ iwájú jáde, ọ́ìlì sì tú. Ihò tí mo dí yẹn ni wọ́n dá sí i kó lè máa mí bí ẹnu páìpù bá dí. Àṣé ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu páìpù náà láràárọ̀. Kí ló dé tí mi ò bi yín?

Agbọ́n ni gbogbo èèyàn ń bú. Mo lè ja téèpù yẹn dànù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọwọ́ mi ti kàn án. Mo wá rántí ọjọ́ tí ẹ gbàgbé láti dé ọmọrí ọ́ìlì, tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀, tí ẹ ṣí fìlà, tí ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ sọ fún ọ̀gá tó ni oko. SS2 ni mo wà. Ojú tì mí nítorí yín lọ́jọ́ náà, Bàbá. Mo rò pé ẹ gọ̀ ni. Ẹ forí jì mí.

Mo pe páílọ́ọ̀tì, mo fi téèpù hàn án. Ó wò ó títí.

“Ìyá Múì, ṣé o fẹ́ sọ ìyàwó mi di opó ni?”

Ó jókòó lé orí àgbá, ó mi orí.

“Ọmọ bàbá rẹ ni ọ́ ṣá. Ẹlòmíì ì bá ti já a jù sígbó.”

Mo sunkún débi pé wàrà ọmú mi ń da sí mi láṣọ. Mo sọ fún ọ̀gá náà. Kò lé mi, ṣùgbọ́n kò tíì dá mi lóhùn bí mo bá kí i.

Ẹnjiníà ti pààrọ̀ rọ́bà àti páìpù. Mo ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ ihò náà fúnra mi, ó ṣí. Ọjọ́bọ̀ ni bàlúù máa kọ́kọ́ fò, páílọ́ọ̀tì sì ní òun ò ní gbé e sókè àfi tí mo bá jókòó ti òun, bí ẹ ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn àtúnṣe. Mi ò dé òkè rí láyé mi. Múì ṣì ń mu ọmú. Màmá ní kí n má dán an wò. Bí mo bá kọ̀, ta ló tún máa fọkàn tán ọwọ́ mi? Ṣé ẹ̀rù kì í ba ẹ̀yin náà nígbà yẹn? Ẹ ò jẹ́ ká rí i lójú yín.

Kí n wọ̀ ọ́, àbí kí n má wọ̀ ọ́? Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ fún mi lésì kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Ọmọbìnrin yín, tó ń fi yín yangàn níbi gbogbo.