Ọtí Ìtọrọ Tí Simeon Tu Dànù

Ilé Ọláníyọnu,
Òkè-Ṣopẹ́n,
Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kejìlá, 1897.

Ọmọ́táyọ̀, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

O kú àtijọ́ o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà ní Mákún-Omi? Ìyá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Omi ọ̀sà ńkọ́, ṣé ẹja ṣì ń wọ àwọ̀n? Àwa níhìn-ín ò ráhùn. Ọyẹ́ ti bó wa lẹ́nu tán, àmọ́ a ń jẹun, a ń sùn, a sì ń jí.

Mo mọ̀ pé ìkíni kọ́ ni ojú rẹ ń wá nínú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ Ọládòṣù ni, àti Adéṣọlá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Ọláníyọnu. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ọdún tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀, tó ń sọ pé ara Ọládòṣù ń rùn fún èéfín ẹja, pé òun ò lè fi ọmọ fún ẹni tí a ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó wọlé. Fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ fi Simeon rẹ́rìn-ín ná.

Ṣé o rántí Simeon? Ọmọ Òkè-Ṣopẹ́n níbí náà ni, tó lọ di akọ̀wé ní ilé ìtajà òyìnbó kan l'Ékòó. Ẹni tí a jọ ń jẹ iṣu sísun lóko lánàá ni kò mọ iṣu mọ́ lónìí. Ó wọ kóòtù dúdú wá lọ́sàn-án gangan, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀ wàràwàrà, ó ní ìyàwó lòun wá tọrọ. Adéṣọlá kan náà ni! Kí n má purọ́ fún ọ, àyà mi já nítorí Ọládòṣù. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ohun Èkó jù. Ó ti ń pè é ní àna kó tó jókòó.

Ọtí ló gbé wá. A rò pé jíìnì tí gbogbo ayé ń gbé kiri ni. Kí la máa rí? Ìgò wísíkì mẹ́ta tí ó fi koríko gbígbẹ wé bí ẹyin adìẹ. Ó ní ọtí ilẹ̀ Skọ́tilandi ni, pé ọkà báálì nìkan ni wọ́n fi pọn ọ́n, ní ilé ìpọntí kan ṣoṣo, kò lábùlà. Ó ní èkínní lo ọdún mẹ́wàá nínú àgbá, èkejì lo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀kẹta sì lo méjìdínlógún, àti pé bó bá ṣe pẹ́ tó ni ó ń dùn tó. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí ẹmu tòun bá di ọ̀la, kíkan ló máa ń kan, ta ló wá jókòó ti àgbá tó ń bá a ka ọdún? Simeon rẹ́rìn-ín bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní ọdún kan náà ni ọtí àgbà yẹn àti Adéṣọlá wáyé. Ìyá Adéṣọlá pòṣé. Ṣé ọmọ òun ló ń fi wé ohun tí wọ́n tì mọ́nú àgbá?

Simeon to ife gíláàsì mẹ́ta, ó da ọtí díẹ̀díẹ̀ sí i, èyí tí eṣinṣin ò lè rì sí. Ó na ife sí oòrùn, ó ní ká wò ó bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ́n sí i bó ṣe ń dàgbà. Ó ti imú bọ ife, ó di ojú méjèèjì. Ó ní òun ń gbóòórùn èso, òun ń gbóòórùn igi, òun ń gbóòórùn èéfín. Èéfín kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi béèrè bóyá ọtí náà jóná ni. Ó ní rárá o, ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n ń gbẹ́ lọ́hùn-ún, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á fi dáná, iná yẹn ni wọ́n fi ń yan ọkà. Ọmọ́táyọ̀, ilẹ̀ àbàtà! Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ẹrẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ní Mákún, ẹ ò mọ̀ pé ọlọ́lá ni yín.

Àfáà Nọ́fíù, àna ẹ̀gbọ́n mi, wà níbẹ̀. Kì í fi ẹnu kan ọtí, àmọ́ ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbóòórùn ti ọdún méjìdínlógún náà lásán. Ó fa imú lẹ́ẹ̀kan. “Subuhánalláhì! Òórùn àjà ẹja nìyí! Ta ló ti ẹja yíyan ará Mákún bọ ìgò?” A bú sẹ́rìn-ín. Simeon nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

O sì mọ àṣà wa. Ẹni tó gbé ọtí wá ni yóò kọ́kọ́ mu ún lójú àwọn àna, kí ọkàn wọn lè balẹ̀ pé kò sí ibi nínú rẹ̀. Simeon gbé ti ọdún mẹ́wàá sẹ́nu. Ó ń yí i ká lẹ́nu bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tó ń fọ ẹnu. À ń retí kó gbé e mì. Pùà! Ó tu ú sílẹ̀, níwájú àna! Kí a tó lanu, ó ti tu ti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ̀ lé e, ó tún tu ti méjìdínlógún lé méjèèjì lórí. Àṣé ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó ló kọ́ ọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ ọtí kì í gbé e mì, kí ahọ́n rẹ̀ má bàa kú kó tó kan èyí tó dàgbà jù. Òmùgọ̀! Ọ̀gá òyìnbó ò mọ̀, ìwọ tí wọ́n bí sí Òkè-Ṣopẹ́n ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ pariwo. Ó ní, “Simeon, ohun tí ìwọ ò lè gbé mì, àwa lo fẹ́ kó gbé e mì?”

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Kò wọ etí ẹnì kankan. Ó wá bu ti ọdún méjìdínlógún kún ife, ó dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà, ikọ́ gbé e, omijé ń dà pòròpòrò. Ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n lọ da ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìnkùlé. Kí n sọ òtítọ́, ó dùn mí díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ tí ti àgbà náà ń dún gbùlùkù lórí ilẹ̀.

Wọ́n pe Adéṣọlá kó wá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Àṣé ó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Ó kúnlẹ̀, kò tiẹ̀ wo Simeon. Ó ní, “Bàbá, ẹ ní Ọládòṣù ń rùn fún èéfín. Ẹni tó wá láti Èkó yìí náà, èéfín ló dì sínú ìgò wá fi tọrọ mi. Bó bá jẹ́ ti èéfín ni, ẹ jẹ́ kí n fẹ́ èyí tó wà lára ọkùnrin.”

Ẹ̀gbọ́n mi wo Àfáà Nọ́fíù. Àfáà Nọ́fíù wo òkè àjà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ mú ìwé, kí n kọ ọ́ sí ọ.

Ó yá, pe Ọládòṣù kí o kà á fún un. Kó máa bọ̀. Kó má wọ kóòtù, kó má sì fi kànìnkànìn bó ara rẹ̀. Bí èéfín bá ń rùn lára rẹ̀, kó máa gbé e bọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni kó sùn, adẹ́mu tó wà lẹ́yìn ilé mi yóò fún un ní ẹmu tí wọ́n dá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bá mi kí Ìyá, kí o kí ìyàwó rẹ, kí o sì kí gbogbo àwọn ará ilé lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tẹ̀ mọ́ ọmọkùnrin náà létí: bó bá ti gbé ẹmu náà sẹ́nu, kó gbé e mì lójú wa.

Èmi ni tìrẹ, tí ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀,
Adéfọlá.