Pákó Tó Sán Lábẹ́ Sáńpépà

Ilé Tíṣà,
Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Òkúdù.

Ìmísí ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kí egungun ọrùn ọwọ́ rẹ máa so pọ̀, kí o sì máa rí oorun sùn. Ara tèmi le. N kò fẹ́ kí o torí àìsàn tàbí ogbó ṣàánú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ sọ ọ́: ara mi le, ojú mi ríran, orí mi sì pé nígbà tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ yìí. Má fa ìwé náà ya. Kà á tán kí ó tó di Sátidé, nítorí Sátidé ni ìwọ yóò dúró níwájú ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà Ògbómọ̀ṣọ́ láti sọ pé burúkú ni pákó síkéètì onítáyà mẹ́rin tí Àlàmú tà fún ọ láti máa gùn, tí wọn yóò sì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Kì í ṣe Àlàmú ló dá ọ lọ́wọ́. Èmi ni.

Kí o má baà rò pé mo ti di ẹni mímọ́, jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba pé n kò fẹ́ràn Àlàmú. N kò fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wà ní kíláàsì mi, nígbà tí mò ń kọ́ wọn níṣẹ́ igi. Lọ́jọ́ tí àwọn alábẹ̀wò wá láti Ìbàdàn, mo gbé tábìlì kan síwájú wọn pé èmi ni mo kàn án. Àlàmú na ọwọ́ sókè, ó ní, "Sà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti sán." Òótọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín níwájú àwọn àlejò. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo nà án títí pàṣán fi ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì lé e síta fún odidi táàmù kan. Ó padà wá, ó gba ipò kìíní. N kò dárí ipò kìíní yẹn jì í títí di òní.

Ìwọ náà mọ bí mo ṣe rí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọ́ nígbà tí mo fi ayùn rẹ́ síkéètì rẹ àkọ́kọ́ sí méjì níwájú ilé, tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń kọjá lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́. Mo ní ọmọ Tíṣà kò ní máa gun pákó kiri bí ọmọ ìta. Rúùtù ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, bi mí lọ́jọ́ náà pé, "Bàbá Ìmísí, pákó lẹ rẹ́ yẹn, àbí ọmọ?" Mo ní kí ó panu mọ́. O kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, o ń fi síkéètì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, o sì wá lọ ń ra pákó lọ́wọ́ Àlàmú, nínú gbogbo káfíńtà tó wà láyé. Mo gbà pé o ṣe é láti fi tẹ́ mi ni. Ọdún méje ni o kò fi bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Ọdún Àjíǹde tó kọjá yìí ni o bèèrè. O gbé síkéètì náà lé orí tábìlì mi, o ní, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Àlàmú ní kí n pààrọ̀ pákó yìí, ó tiẹ̀ ti ń ṣe òmíràn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ igi. Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀, àbí ó ṣì máa lò tó oṣù mélòó kan?" O fi ìrù rẹ̀, ìyẹn etí ẹ̀yìn pákó náà, tí títì ti jẹ pẹlẹbẹ bí ẹnu ọ̀bẹ hàn mí. O gbá a mọ́ sìmẹ́ńtì, o ní ohùn rẹ̀ ti ń kú, pé nígbà tí ó wà ní tuntun, ńṣe ló máa ń dún kó, bí ẹni ń pa ẹ̀kùrọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní igi?" Mo ní kí o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. O sì fi í sílẹ̀, nítorí pé bàbá rẹ ni mí.

Mo tú irin àti táyà rẹ̀ kúrò, mo sì ṣí sáńpépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òkè pákó, níbi tí o máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ó ti sán láti ihò bóòtù irin kan dé ihò kejì, ó gùn tó ìka àárín mi. Mo fi èékánná tọ́ ọ, èékánná wọlé. Awẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méje ni Àlàmú lẹ̀ pọ̀. Mẹ́ta òkè ti ń jáwọ́ lára àwọn ìyókù. Ìmísí, kò sí káfíńtà kan, bó ti wù kó gọ̀ tó, tí yóò rí i tí kò ní sọ pé ó tán. Kì í ṣe iṣẹ́ burúkú. Iṣẹ́ rere tó ti lò tó bó ṣe yẹ ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo lo bi mí láàárín ọdún méje, ìdáhùn rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu Àlàmú kí n tó débẹ̀. N kò lè gbé e mì.

Mo po lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ gọ́ọ̀mù, bí gbogbo wa ti í ṣe sí ẹsẹ̀ àga, mo fi dí i. Nígbà tó gbẹ, mo ha á títí ó fi dán, mo kun fánísì sí abẹ́ rẹ̀, mo ra sáńpépà tuntun lọ́wọ́ Mùínàt lọ́jà, mo lẹ̀ ẹ́ bo gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe dáadáa jù lọ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì o yí i síwá, o yí i sẹ́yìn, o gbá a mọ́lẹ̀, ó dún, nítorí gọ́ọ̀mù ṣì le. Mo wò ọ́ lójú, mo ní, "Yóò sìn ọ́ di Kérésì. Àlàmú kàn fẹ́ jẹ owó rẹ ni." O kúnlẹ̀, o ní, "Ẹ ṣé, Bàbá mi." Ó ti pẹ́ tí o ti pè mí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ò ń fi bí wọ́n ṣe ń gun síkéètì sọ̀kalẹ̀ láti ibi gíga han àwọn ọmọ, tí pákó náà dá sí méjì lábẹ́ rẹ, o pè mí láti ọsibítù. O ń sunkún, kì í ṣe nítorí ìrora. O ní, "Bàbá, kí ni mi ò rí? Mo wò ó dáadáa kí n tó gùn ún." Mo lè sọ ọ́ níbẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ṣé o rí i? Iṣẹ́ Àlàmú nìyẹn. Gọ́ọ̀mù ayédèrú ló ń lò." Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí ọ lẹ́nu. Ẹnu rẹ ni àwọn òbí ọmọ tí ò ń kọ́ ti gbọ́ ọ, tí wọ́n fi ya bo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí wọ́n fa pátákó orúkọ rẹ̀ lulẹ̀. Nígbà tí Mùínàt sọ fún mi pé, "Tíṣà, ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ti ba Àlàmú yín jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò ra gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi mọ́," inú mi dùn. Mo ra àgbàdo sísun, mo ń jẹ ẹ́ lọ sílé.

Ní Mọ́ńdè, Àlàmú fúnra rẹ̀ wọlé wá bá mi. Kò jókòó. Ó yọ ìlàjì méjèèjì pákó náà, tí àwọn òbí jù lù ú, nínú àpò sìmẹ́ńtì, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ kú ilé, sà. Ẹ bá mi wo ojú ibi tó dá." Mo ní, "Gbé ìdọ̀tí rẹ kúrò nílé mi." Ó ní, "Pákó tèmi funfun. Kí ni pupa inú rẹ̀ yìí?" Mo ní kò kàn mí. Ó ní, "Lẹ́búlẹ́bú ọ̀gánwó ni, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ọ̀gánwó ni kí a máa fi dí igi, torí ó máa ń gba fánísì. Mi ò ní ọ̀gánwó ní ṣọ́ọ̀bù. Ta ló ní in?" Mo pè é ní olè. Mo pè é ní aláìmoore. Ó dúró títí mo fi bú u tán, ó wá ní, "Tó bá jẹ́ ẹnu mi ni Ìmísí ti gbọ́ ọ, á ní mò ń parọ́ mọ́ bàbá òun. Ẹnu yín ló ti máa gbọ́ ọ. Ẹ ní títí di Sátidé. Ẹ nà mí nítorí ẹsẹ̀ tábìlì, sà. Ta lẹ fẹ́ nà nítorí èyí?" Ó kó pákó rẹ̀, ó lọ. Kò mu omi mi.

Inú ṣì ń bí mi sí i bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tó ń bí mi jù ni pé kò sí irọ́ kan níbẹ̀ tí mo lè dì mú.

O lè bi mí pé kí ló dé tí n kò wọ mọ́tò wá. Mo mọ ara mi. Bí mo bá dúró níwájú yín, màá rí ọ̀rọ̀ rere fi dí i, màá ha á, màá kun fánísì sí i, ẹ ó sì ti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kí n tó jókòó. Mo ti kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Kà á sí ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà létí ní Sátidé, má fo ìlà kankan, pàápàá ibi tí mo ti jẹ àgbàdo. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbọ́ ọ, bí wọ́n bá ní kí n wá, màá wá.

N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Bí o bá fẹ́ bínú, ó kéré tán, o ti mọ ẹni tí o ó bínú sí.

Kí Ọlọ́run so egungun rẹ ró. Kí ilẹ̀ má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kí àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ má ṣubú nítorí ohun tí àgbàlagbà bò mọ́lẹ̀. Kí o gbọ́n bí ìyá rẹ, kí o má sì jogún ẹnu mi.

Èmi ni bàbá rẹ, tó rí i pé ó sán,
Jeremáyà Ọlọ́runtóbi.

Àfikún: Mùílì awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá sọ fún mi pé pákó tuntun tí Àlàmú ṣe fún ọ nígbà Àjíǹde ṣì wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, òun nìkan ni àwọn òbí kò rí fọ́. Mo ti ní kí Mùílì dúró títí o ó fi kàwé tán. Kì í ṣe èsì ni mo ní kó gbà padà fún mi. Kó gbé ọ lọ sọ́dọ̀ Àlàmú ni. Lọ́jọ́ tí o bá gbá pákó tuntun náà mọ́lẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ti ń kú, pààrọ̀ rẹ̀. Má gbé e wá fún mi pé kí n bá ọ wò ó.