Oorun Tí Mo Pàdánù Lórí Ẹsẹ̀

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn ná. Bí ẹ bá ní ìmọ̀ràn kan fún mi níbi tí ẹ wà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́wọ́ yín. Mo ti gba ti nọ́ọ̀sì, mo ti gba ti ìyàwó pásítọ̀, mo ti gba ti ayálégbé, mo sì ti gba ti ọmọ tí mo fi ikùn mi gbé. Gbogbo wọn ló ń sùn. Èmi nìkan ni mi ò sùn.

Ẹsẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ sùn yẹn ló dé, Màámi. Ó ti wá sára mi. Lọ́sàn-án, kò sí nǹkan tó ń ṣe é, mo fi ń lọ ibi tó bá wù mí. Àmọ́ kí ilẹ̀ ṣáà ti ṣú, kí n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, á bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn á ní ṣé ó ń dùn mí ni, mo ní kò dùn mí. Wọ́n á ní ṣé ó kú ni, mo ní kò kú. Ó dà bíi pé èèrà ń rìn nínú eegun mi, tí wọ́n ń wá ọ̀nà àtijáde. Tí mo bá nà án, ó fẹ́ kí n ká a. Tí mo bá ká a, ó fẹ́ kí n dìde. Tí mo bá wá dìde tí mo rìn yí pálọ̀ ká, á dákẹ́ bí ọmọ tó gbọ́ràn. Kí n tún padà lọ dùbúlẹ̀ báyìí, ó ti dé. Ta ni mo fẹ́ sọ èyí fún tó máa yé, bí kò ṣe ẹ̀yin?

Inú ilé yín ní Ejìnrìn ni mo ṣì wà. Mo tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ààrò tí ẹ fi ń yan ẹja ṣì wà lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n ẹja tí èmi nìkan fẹ́ jẹ ni mo ń yan lórí rẹ̀ báyìí. Bàbá Bùkọ́lá, ọkọ mi, ti tẹ̀ lé yín lọ. Ẹ ti rí i lọ́hùn-ún àbí ẹ ò tíì rí i? Nígbà ayé rẹ̀, tó bá ti sùn, á gbé ẹsẹ̀ lé tèmi. Ẹsẹ̀ ọ̀hún wúwo bí igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀, mo sì máa ń bú u, mo máa ń tì í dànù. Mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí tèmi jókòó jẹ́ẹ́.

Nọ́ọ̀sì kan ní Ẹ̀pẹ́ ló kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ò tó, kí n máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, kí n sì fi obì sílẹ̀.

"Màmá, obì yẹn kì í jẹ́ kí ara sinmi."

Mo ní, "Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ìyá rẹ ni mo ti ń jẹ obì."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹsẹ̀ yín ló ń jẹ́ ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, Màmá."

Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ! Mo fi obì sílẹ̀ o. Ó sì dín in kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un, kó má baà rò pé òun borí mi.

Ìyàwó pásítọ̀ ní tirẹ̀ ní kí n bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà, kí n da iyọ̀ sí i, kí n ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, kí n sì máa ka Sáàmù. Omi náà dára. Sáàmù tó yàn fún mi ló gùn jù. Ẹ mọ bí mo ṣe ń kàwé, ọ̀rọ̀ kan, mo dúró, ọ̀rọ̀ kan, mo dúró. Kí n tó dé àmín, omi ti tutù bí omi òjò, ẹsẹ̀ sì ti jí padà.

Ìyàwó Ìlàjẹ tó háyà yàrá ẹ̀yìn náà gbé òróró àgbọn dé. Ó fi pa á, ó wá fi aṣọ dì í láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún, gbọningbọnin.

"Ìyá, ẹ má tú u o, ó dàárọ̀."

Mo ní mo gbọ́. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ti tú u. Èmi kì í ṣe ẹrù tí wọ́n fẹ́ dì lọ sọ́jà.

Ìyàwó Ìlàjẹ yìí kan náà ló sọ fún Bùkọ́lá lórí fóònù pé mò ń rìn lóru bí ọdẹ ilé. Bùkọ́lá, ọmọ mi obìnrin, ọmọ tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́kọ́ wẹ̀. Ó ti ní ilé sí Ìgbògbò báyìí, òun àti ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó lọ́hùn-ún, òkùnkùn ló fi ń jáde nílé láàárọ̀, òkùnkùn náà ló sì fi ń wọlé. Ó wá gbé mi. Ó ní òun ò ní í fi ìyá òun sílẹ̀ kó máa dá rìn káàkiri ilé. Mo jà, ṣùgbọ́n ó ti di ẹrù mi kí n tó jà tán.

Ilé rẹ̀ dára, Màámi. Táìsì ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀, funfun báláú. Mi ò fẹ́ máa rìn lórí rẹ̀ lóru nítorí ó máa ń dún lábẹ́ bàtà, wọ́n á sì jí. Ni mo bá rántí oògùn yín tí mo gbé wá. Ẹ rántí agolo tí ẹ máa ń gbé sábẹ́ ẹja àrọ̀ tó bá sanra lórí ààrò, kí ọ̀rá rẹ̀ máa kán sí i? Ẹ ó gún atalẹ̀ sí i, ẹ ó fi pa ojúgun yín, ẹ ó wá na ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò níbi tí iná ti ń kú lọ. Mo ti ṣe ìgò kan sílẹ̀ kí Bùkọ́lá tó dé, mo fi pamọ́ sáàárín aṣọ mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rọra ti ilẹ̀kùn, mo fi pa ẹsẹ̀ dáadáa, mo dùbúlẹ̀.

Oorun gbé mi lọ. Nígbà tó yá, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ ti dé. Mo ní lónìí, mi ò ní í dìde fún ọ, ohun tó bá wù ọ́ ni kí o ṣe. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo di eyín mi pọ̀. Ó ń le sí i, ó ń gòkè, ó dé itan, mo ṣì wà ńbẹ̀. Àfìgbà tó gé mi jẹ ni mo figbe ta.

Bùkọ́lá sáré wọlé, ó tan iná. "Yéè! Màmá, èèrà!"

Mo ní, "Ṣebí ohun tí mo ti ń sọ fún gbogbo yín nìyẹn! Mo ní bí èèrà ló ṣe ń ṣe mí!"

"Màmá, èèrà gidi ni! Ẹ dìde!"

Wọ́n tò láti ojú fèrèsé wá dé orí bẹ́ẹ̀dì, dúdú lórí táìsì funfun. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀, oorun ò tíì dá lójú rẹ̀, ó ń fi imú fà. "Ta ló ń yan ẹja ní ìdájí báyìí?"

Ohun tí mo gbàgbé ni èéfín, Màámi. Ní Ejìnrìn nígbà yẹn, èéfín ààrò kì í kúrò nínú yàrá wa, ó wà lára ẹní, ó wà lára aṣọ. Èèrà wo ló fẹ́ dé bẹ̀? Mo gbé oògùn wá, mo gbàgbé èéfín sílé.

Bùkọ́lá fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ mi. Ó pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ṣíìtì. Mo rò pé á padà lọ sùn ni, ó jókòó sí ìdí ẹsẹ̀ mi, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ.

Mo ní, "Lọ sùn."

Ó ní, "Ẹ dákẹ́, Màmá."

Mo sùn. Mi ò mọ ìgbà tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún wá. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún wá. Mi ò lé e mọ́, nítorí ó dùn mọ́ mi, ọwọ́ ọmọ mi ni.

Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo jí kí fóònù rẹ̀ tó dún. Ó wà ní ìjókòó, ó gbé orí ti ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ẹsẹ̀ mi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Fóònù dún. Ó dìde bí ẹni tí wọ́n fà. Ó ń wọ bàtà, ó ń tòògbé. Ó bu tíì sẹ́nu, ó gbàgbé láti gbé e mì. Mo jókòó, mo ń wò ó.

Mo mọ ojú yẹn, Màámi. Ojú mi ni.

"Wá bá mi gun ẹsẹ̀ díẹ̀." Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń pè mí nígbà tí mo wà ní kékeré, tí àwọn ìyókù bá ti sùn. Èmi ni mo fúyẹ́ jù nínú ilé. Màá di ògiri mú, màá máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ mi tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ yín, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún, màá yí padà, màá tún bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ yẹn kì í tán. Tí mo bá dúró, ẹ ó ní, "Ṣé o ti sùn ni?" Èmi á ní, "Rárá, mà." Mo sì ti sùn. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn lóòró, tí wọ́n ń rìn.

Ní ilé ìwé, orí síléètì ni mo máa ń sùn sí. Tíṣà á nà mí, màá jí, màá tún sùn. Ìgbà tó yá, ó ránṣẹ́ pè yín. Ẹ mú mi lọ́wọ́ dé ilé, ẹ ní ìwé ò bá mi lára mu, kí n wá máa bá yín yan ẹja.

Ìwé bá mi lára mu, Màámi. Oorun ni mi ò rí sùn.

Ṣé ẹ mọ̀ nígbà yẹn? Ṣé ẹ máa ń wo ojú mi láàárọ̀ bí mo ṣe wo ti Bùkọ́lá? Ìyá yín ńkọ́, ẹsẹ̀ ta ni wọ́n ní kí ẹ gùn? Bí ẹ ṣe ń nífẹ̀ẹ́ mi tó yẹn, tí ẹ̀ ń fi orí ẹja sílẹ̀ fún mi, tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú mi lójú yín, kí ló dé tí ẹ ò sọ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo pé, ó tó, lọ sùn?

Mo di ẹrù mi lọ́jọ́ tí mo rí ojú Bùkọ́lá yẹn gan-an. Kí Bùkọ́lá tó dé láti ibi iṣẹ́, mo ti wọ mọ́tò, mo ti dé Ejìnrìn. Ó pè mí, ó ń sunkún.

"Màmá, kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ṣé nítorí ọ̀rọ̀ ẹja tí ọkọ mi sọ ni?"

"Ọkọ rẹ ò sọ ohun burúkú. Lọ sùn."

Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un, mi ò sì ní í sọ. Tí mo bá sọ fún un, á ní kò sí wàhálà, á tún wá gbé mi, á sì máa fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tọ́jú oorun mi. Gbogbo alẹ́ ló ń pè. "Màmá, ṣé ẹ ti sùn?" Èmi á mú kí ohùn mi wúwo, màá ní, "Ojú oorun lo ti jí mi yìí." Orí ìrìn ni mo wà, pẹ̀lú fóònù létí, láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé. Tó bá gé fóònù, ilé á dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ bí ọ̀sà ṣe ń lá etí omi. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ sọ fún pé ó ti rẹ̀ mí.

Mi ò ní í jẹ oorun ọmọ mi. Tí àrùn ẹsẹ̀ yìí bá ń ti ọwọ́ ìyá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, jíjẹ oorun ọmọ tó ń bá a rìn ò ní í kọjá ọ̀dọ̀ mi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, Màámi, ẹ ò ní iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ ò ní mọ́tò kankan láti sáré bá. Ẹ má sì wá lójú àlá, mi ò sùn débi tí mo fi máa lá a. Ẹ wá gan-an gan-an, kí ẹ jókòó sí ìdí ẹsẹ̀ mi. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, mi ò sì dárí rẹ̀ jì yín.

Èmi ni, ọmọ yín tó fúyẹ́ jù. Oorun tí ẹ jẹ mí, ẹ wá san án lálẹ́ òní.