Orúnkún Mi àti Mọ́tò Tí Túbọ̀sún Rẹ̀ Sílẹ̀

Abúlé Olókùúta,
Ọ̀nà Abẹ́òkúta.
Oṣù Nòfẹ́ńbà, 1956.

Túbọ̀sún Àkànní, ọmọ mi ní Yábàá,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní ọ́fíìsì rélùwéè? Kíkẹ́ ìyàwó wa ńkọ́, àwọn òbí rẹ̀ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, àwọn ará ìjọ kí ọ, ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa náà ti bí ìbejì. Ọlọ́run tí ó ń jí ọ láràárọ̀ kò ní jẹ́ kí o di ẹni tí wọ́n ń gbé dìde. Ẹsẹ̀ tí o fi ń rin ìlú Èkó yìí náà ni wàá fi rin ọjọ́ ogbó rẹ. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ.

Lẹ́tà rẹ dé, fọ́tò tó wà nínú rẹ̀ náà dé láyọ̀. A rí ọ níbi tí o dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò àtijọ́ tí o rà lọ́wọ́ Òyìnbó tó ń padà sílùú wọn, èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje. Ti òrùlé tí kò ní, n kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo mọ̀ pé wàá kan án tí owó oṣù bá dé, ilé mi yìí náà kò ní òrùlé fún ọdún kan gbáko. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ rí i, ó figbe ta pé ilẹ̀ ń gbé mọ́tò ọmọ òun mì, àbí ẹrọ̀fọ̀ Yábàá ló rì sí, nítorí mọ́tò náà kò ga ju itan rẹ lọ, ikùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa họ ilẹ̀. Gbádé tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, ẹni tí kì í rí ohun rere kó má fi ẹnu bà á jẹ́, ní bóyá owó rẹ ni kò tó ra ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ka lẹ́tà tán ná.

Ibẹ̀ ni mo ti kà á pé ìwọ fúnra rẹ lo gbé e lọ bá Yẹ̀kínnì mẹkáníìkì ní Múṣín, pé ó fi jáàkì gbé e sókè, ó yọ lára àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò léra wọn nínú sípíríìnì, nígbà tó sì sọ ọ́ kalẹ̀, mọ́tò ti rẹlẹ̀. O ní torí kí ó lè lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bó bá ń ya kọ́nà ni. Túbọ̀sún, mo rẹ́rìn-ín. Ṣebí èmi ni mo bí ọ. Láti kékeré ni o kì í ti í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé o ṣoore. Ìgbà tí o fi bàtà rẹ tọrẹ níléèwé, o ní ó sọnù sódò ni, mo sì nà ọ́ fún un. Kọ́nà wo ló wà níbẹ̀? Orúnkún bàbá rẹ ló wà níbẹ̀.

Mo kọ̀wé sí ọ lóṣù tó kọjá pé n kò ní lè wá síbi ìgbéyàwó rẹ, pé kòkó wà lórí sísá. Kòkó ti gbẹ. Lọ́rì ló ga. Ìgbà tí mo lọ sí Abẹ́òkúta kẹ́yìn, orúnkún ọ̀tún yìí kọ̀ láti gòkè, ni àwọn alágbàárù bá gbá mi mú lápá, wọ́n gbá mi mú lẹ́sẹ̀, wọ́n jù mí sórí àpò gààrí, ọ̀kan nínú wọn sì ń pariwo pé kí wọ́n rọra, kí bàbá má fọ́. Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi Oyèwọlé! Mo búra lọ́jọ́ náà pé n kò ní wọ lọ́rì mọ́ láyé mi, àṣé ìbúra náà ló fẹ́ gba ìgbéyàwó àkọ́bí mi mọ́ mi lọ́wọ́. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ ohun tó ń ṣe mí láìjẹ́ pé mo sọ ọ́, o sì rẹ mọ́tò sílẹ̀ fún mi.

Mo ti dán an wò. Mo gbé àpótí ìdáná ìyá rẹ, èyí tó kúrú jù, sí àárín ilé, mo ní kí ìyá rẹ na apá gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀kùn, mo fi ìdí wọlé, mo fa ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, mo jókòó. Ẹnikẹ́ni kò gbé mi. Mo dìde, mo tún wọlé, mo tún jáde, títí ìyá rẹ fi ní kí n dá àpótí òun padà kí òun lè dáná.

Mo tún ṣàkíyèsí pé ìjókòó méjì péré ló wà nínú rẹ̀, tìrẹ àti tèmi. Ìyẹn náà fi hàn pé o rò ó jinlẹ̀. Orúnkún ìyá rẹ le koko, òun yóò wọ lọ́rì. Kí o rọra bá Kíkẹ́ sọ ọ́ kó má bínú, kí àwọn ará ilé rẹ̀ mú un wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwa méjèèjì yóò ti wà níbẹ̀ dè é.

Ti ọ̀nà, má fòyà. Mo mọ̀ pé àwọn lọ́rì ti fi táyà gbẹ́ ọ̀nà wa, tí àárín rẹ̀ wá yọ gegele bí ebè, ikùn mọ́tò rẹ ì bá sì fi ara gbá a. Mo pe àwọn ẹgbẹ́ mi, a ro ó láti ẹnu títì dé ojúde wa. Àwọn ló ń ro ó, èmi jókòó lórí àpótí, mò ń sọ ibi tó kù fún wọn. Gbádé náà wá, ó ń kùn, ó sì ń ro ó. Nítorí náà kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú kí n fi ra ẹmu fún wọn, Gbádé ní tòun, ọtí inú ìgò ni. Bí owó òrùlé mọ́tò kò bá tíì tó, ra agboòrùn dání. Àwọn irin tí Yẹ̀kínnì yọ ńkọ́? Má fi wọ́n sílẹ̀ fún un o, irin sípíríìnì kò lẹ́gbẹ́ láti fi rọ àdá, alágbẹ̀dẹ wa ti ń retí wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Fúnlọ́lá ọmọ àbúrò mi, èyí tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Súrùlérè, wá sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo fi fọ́tò hàn án, mo sì sọ ohun tí o ṣe fún mi. Ó ní, “Bàbá, fáàrí ni o. Gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin Yábàá tó ní irú mọ́tò yẹn ló ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.” Mo ní àṣé gbogbo bàbá wọn ni orúnkún ń dùn, Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. Ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i tí mo fọwọ́ ti ògiri kí n tó dìde, kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ní bóyá òun ni òun kò mọ̀ ọ́n. N kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Ìwọ náà má kọ̀wé dáhùn ọ̀rọ̀ yẹn. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó ni kí o wá, mọ́tò ni kí o fi dá mi lóhùn.

Ilé rẹ yóò tòrò, ẹ̀yìn ìyàwó rẹ kò ní mẹ́ní, àwọn ọmọ rẹ yóò rò tìrẹ bí o ṣe rò tèmi. Bí o ṣe rẹ mọ́tò rẹ sílẹ̀ nítorí mi, Ọlọ́run yóò gbé ìwọ ga. Ṣùgbọ́n kí ó bá mi fi mọ́tò náà sílẹ̀ níbi tó wà, títí n ó fi wọ̀ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ti múra tán,
Oyèwọlé.