Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tí Mo Lẹ “Fò Ó” Mọ́

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé kọ̀ǹpútà ò tíì jẹ ojú rẹ tán? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ, kí ọ̀gá rẹ tó ń sọ òyìnbó gba imú má rí ọ gbé ṣe. Àwa náà wà, àfi pé ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, iṣẹ́ rẹ ló sì fà á.

Nígbà tí o wálé, o ní àwọn nǹkan kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí o máa ń lẹ àkọlé kékeré mọ́ lára, kí ẹ̀rọ lè mọ bí yóò ṣe tò wọ́n sínú ìwé tí ẹ̀ ń pè ní ẹ́kísì-ẹ́mù-ẹ́lì, kó sì tún lè kó wọn jáde padà. O ní ohun gbogbo níbẹ̀ ló ní àmì tó ń ṣí i àti àmì tó ń pa á dé, inú rẹ̀ á wà láàárín. Èyí tí o bá sì lẹ “fò ó” mọ́, ẹ̀rọ á ṣe bí ẹni pé wọn ò bí i rí.

Ó wù mí. Nígbà tí àwọn akunlé wá kun ilé wa lọ́dà, tí wọ́n kó ẹrù wa síta, mo po gọ́ọ̀mù, mo lẹ ìwé mọ́ gbogbo ẹrù, kí bẹ́ẹ̀dì má baà bá ara rẹ̀ ní kíṣìnì. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ, tí kò rán nǹkan kan láti ìgbà tí o ti kúrò nílé ìwé, mo lẹ “fò ó” mọ́ ọn, torí mo ti ń wo igun tí ó wà fún àpótí ìwé mi. Wọ́n kó ẹrù wọlé padà, wọ́n sì fò ó lóòótọ́. Ẹni tó ń ra irin àlòkù ló gbé e lọ.

Ìyá rẹ dé, ó ní ẹ̀rọ òun dà. Mo ní kò sí nínú ìwé. Ó ní ẹ̀rọ yẹn ló rán yúnifọ́ọ̀mù gbogbo yín, pé owó tíṣà mi ò ra ṣòkòtò kan rí. Lọ́sàn-án, ó gbé oúnjẹ fún àwọn akunlé, ó gba iwájú mi kọjá. Ọ̀gá wọn ló ní, “Bàbá, ìwé kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ yín o.” Mo já a wò: “fò ó.”

Láàárọ̀ yìí, mo bá ìwé méjì lára ilẹ̀kùn yàrá. Èkíní ṣí “ọkọ mi,” èkejì pa “ọkọ mi” dé. Kò sí nǹkan kan láàárín.

Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ kíákíá. Oní-irin ní òun ò tíì tú ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ó ti ń wò ó bí ẹran. Mo ti kó ìwé mi kúrò ní igun yẹn.

Níbi tí wọ́n bá ti ń ka ẹni ire, wọn ò ní fò ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ebi ń pa.